Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Jẹun? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Eré Tẹlifíṣọ̀n Tó Yẹ Kí A Wò

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá dárúkọ àwọn eré alátẹ̀léra orí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tí ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní síríìsì, tí ènìyàn lè jókòó tì láì kábàámọ̀ àkókò rẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé wà tí wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo alẹ́ tí iná bá wà, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ fún ọ níbẹ̀ pé báyìí ni a ṣe yan ohun tí à ń wò.

Kí n tó dárúkọ ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀, torí eré tuntun kì í yé jáde. Tí mo bá ti wo apá méjì àkọ́kọ́, mo máa ń béèrè pé: àwọn ènìyàn yìí, kí ni wọ́n ń ṣe jẹun? Owó tí wọ́n fi ra mọ́tò yẹn, ibo ló ti wá? Ta ni ọ̀gá wọn, kí sì ni ọ̀gá náà lè ṣe fún wọn tí wọn yóò fi gbé ìbínú délé?

Eré tó ń kùnà ìbéèrè yìí pọ̀ jọjọ. Ẹ óò rí ilé ńlá, àga olówó gọbọi, ìyàwó ilé tó ti we gèlè láàárọ̀ kùtù, bàbá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Olóyè, tí a kò sì ní mọ òwò tó ń ṣe títí eré yóò fi parí. Ìjà wà níbẹ̀, ẹkún wà, ìyá ọkọ tó rorò wà. Iṣẹ́ ni kò sí. Bí kò bá sì sí iṣẹ́, kí ni àwọn tó kọ ọ́ yóò rí fi kún apá ogún, apá ọgbọ̀n, bí kò ṣe àṣírí tó tú àti jàǹbá mọ́tò? Fíìmù lè fi ọgbọ́n yọ nínú irú ẹ̀ yẹn, wákàtí méjì péré ló ní lọ́wọ́. Eré alátẹ̀léra kò lè yọ. Ohun tí Ọlọ́run fún un tí kò fún fíìmù ni àkókò. Ó lè mú wa bá ènìyàn gbé pẹ́ títí, kí a máa wò ó lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí a sì rí ọjọ́ tí ohun tó ti ṣe sẹ́yìn padà wá bá a. Ẹní bá da eérú ni eérú ń tọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Eré tó ní sùúrù láti fi ọ̀nà tí eérú gbà padà hàn wá, tó sì mọ bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń rí jẹ, òun ni mo wá gbóríyìn fún níwájú yín.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látilé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnìkan tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá. Òun ló wá dá The Village Headmaster sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1968, eré náà sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n títí di ọdún 1988. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ọjà ni wọ́n fi ṣe ibùdó ìtàn náà. Ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn rẹ̀ Femi Robinson, lẹ́yìn rẹ̀ Justus Esiri. Ọlọ́jà wà lórí ìtẹ́, Dejumo Lewis ni. Olóyè Elẹ́yinmi tí gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà, Funṣọ Adéolú ló ṣe é, ẹni tó wá jọba ní Òde Rẹ́mọ. Ìbídùn Allison ló sì ṣe Amebo, tí orúkọ rẹ̀ wọ ẹnu gbogbo Nàìjíríà títí di òní olónìí.

Agbára eré yẹn ni pé olúkúlùkù ló ní ibi tó jókòó sí ní ìlú. Ohun tí tíṣà fẹ́ fún ọmọ àti ohun tí ààfin fẹ́ fún ìlú kì í sábà bára mu, kò sì sí ẹni tó lè kó ẹrù rẹ̀ sá kúrò fún ẹnì kejì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn kan náà ni yóò tún pàdé. Ó dùn mí láti sọ pé ọ̀pọ̀ nínú apá eré náà ni a kò rí wò mọ́ lónìí. Díẹ̀díẹ̀ tó ṣẹ́ kù tí ẹ bá rí, ẹ wò ó pẹ̀lú àwọn tó wò ó nígbà tó ṣì gbóná, kí wọ́n sọ ìyókù fún yín.

Checkmate ti Amaka Igwe tẹ̀lé e lọ́dún 1991 sí 1994. Ọmọbìnrin kan, Ann Haatrope, tí Ego Boyo ṣe, ló di olórí iléeṣẹ́ ìdílé wọn, àwọn ọkùnrin sì yí i ká tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà orí àga iléeṣẹ́ ni, a sì mọ ohun tó wà nínú àga náà. Olóyè Fuji tí Kúnlé Bámtẹ́fá ṣe nínú rẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé wọ́n yọ eré mìíràn jáde láti ara rẹ̀. Amaka Igwe kú ní ọdún 2014, àwọn tó ń kọ eré lónìí kò sì tíì ka iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa tó.

Nínú èyí tó wà lóde báyìí, Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ni mo fẹ́ kí ẹ wò, torí èdè Yorùbá tó wà lẹ́nu àwọn òṣèré rẹ̀, àti torí ìtàn rẹ̀. Fíìmù ni kó tó di eré alátẹ̀léra. Kí ẹ wo fíìmù ọdún 2022 yẹn kí ẹ tó bọ́ sórí Rise of the Spectre tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dà bíi pé ẹ dé ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Sàró, ahunṣọ òkè, wọ Ọ̀yọ́ láti wá jẹ. Ó fẹ́ ìyàwó ọba, wọ́n pa á, ẹyẹ àkàlà jí i. Láti ọjọ́ tí agbára àjíǹde ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ni kò ti rántí òfì mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣubú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi, kí ìgbéraga rẹ̀ tó hàn sí gbogbo ayé. Ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tó sì jù ú sílẹ̀ torí agbára tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ló kù tí yóò fi dúró? Nínú eré alátẹ̀léra, ẹ̀san ohun tó ṣe nínú fíìmù ń lé e kiri, èyí ló jẹ́ kó tọ́ sí wíwò. Àléébù rẹ̀ ni pé ìjà àti idán gba ààyè púpọ̀ nínú rẹ̀. N bá fẹ́ kí wọ́n fi wá sílẹ̀ nídìí òfì pẹ́ sí i, kí a gbọ́ ìró rẹ̀, kí a rí bí a ṣe ń ta òwú, kí a mọ iye tí ahunṣọ ń pa lóòjọ́ ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́. Síbẹ̀, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé gẹ́gẹ́ bí Awarun àti Bímbọ́ Adémóyè gẹ́gẹ́ bí Aróláké, ẹ wá wọn wò. Obìnrin méjì tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà.

Lọ́dún 1983, iléeṣẹ́ NHK ní Japan bẹ̀rẹ̀ eré kan tó ń jẹ́ Oshin. Obìnrin ló kọ ọ́, Sugako Hashida. Ìṣẹ́jú 15 péré ni apá kọ̀ọ̀kan, àárọ̀ ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, apá 297 ló sì jẹ́ kí ó tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 1984. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ló rà á. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìdílé kan fẹ́ ṣí ilé ìtajà wọn kẹtàdínlógún. Ìyá àgbà tó dá òwò náà sílẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó sì sá kúrò nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá a rí, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sínú ìgbà èwe rẹ̀, ó ń wá ibi tí òun ti ṣìnà.

Ìdílé àgbẹ̀ tó ń dá oko olóko ni wọ́n bí i sí, ní àgbègbè Yamagata tí òtútù ti ń mú gan-an. Nígbà tó di ọmọ ọdún méje, wọ́n fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé oníṣòwò pákó, àpò ìrẹsì kan sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá wò ó kò ní gbàgbé ọjọ́ tó lọ: wọ́n gbé e sórí pákó tí a so pọ̀ bí ọkọ̀, odò Mogami ń gbé e lọ nínú yìnyín, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ létí odò. Ìyá àgbà rẹ̀ ti fún un ní ẹyọ owó fàdákà kan kí ó tó kúrò. Owó yìí ni ó fi pamọ́ sára, owó yìí náà ni wọ́n bá lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí owó sọnù ní ilé ọ̀gá, tí wọ́n sì pè é ní olè. Ọmọdé náà kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ó sá lọ sínú yìnyín.

Mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí wo apá ìbẹ̀rẹ̀ Oshin, kí ọ̀gá àti ọmọ jọ jókòó sórí àga kan náà wò ó. Hashida kò fi ọmọ náà ṣe ẹni àánú lásán. Ó ń fi hàn wá bí a ṣe ń pọn omi, bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, bí ebi ṣe rí ní aago mẹ́rin ìdájí. Nílé kejì tó lọ, ilé oníṣòwò ìrẹsì ní Sakata, ìyá ńlá ilé náà kọ́ ọ ní ìwé àti ìṣirò, ìmọ̀ yẹn ló sì gbé e títí. Ó ṣe onídìrí ní Tokyo, ó ta ẹja kiri, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 run ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó jọ, ogun pa ọmọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di olówó, a ti mọ iye tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ná an. Ìdí nìyẹn tí sísá tó sá ní ọjọ́ ìkíní fi wá yé wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ apá: ọmọ tó bí ti ń ṣòwò bíi pé kò sí ẹlòmíràn láyé.

Èyí tí mo fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni The Wire. HBO ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde láti ọdún 2002 sí 2008, apá 60 ni, ó pín sí sáà márùn-ún, ìlú Baltimore ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀. David Simon tó dá a sílẹ̀ ti ṣe akọ̀ròyìn fún Baltimore Sun. Ed Burns tí wọ́n jọ kọ ọ́ ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti ibẹ̀ lọ ṣe tíṣà. Ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ni wọ́n kọ.

Sáà kìíní dá lórí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń ta oògùn olóró. Àwọn tó ń ta oògùn náà ní wákàtí iṣẹ́, wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n ní owó oṣù, wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, Stringer Bell, tí Idris Elba ṣe, ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lálẹ́, ó sì ń wá bí òun yóò ṣe fi ohun tó kọ́ ṣe òwò burúkú yẹn. Sáà kejì bọ́ sí èbúté, níbi tí iṣẹ́ ti ń tán lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ìkẹta wọ gbọ̀ngàn ìjọba ìlú. Ìkarùn-ún wọ iléeṣẹ́ ìròyìn, òun ni kò lágbára tó ìyókù lójú mi.

Ìkẹrin tó jáde lọ́dún 2006 ni n kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé ìwé ni. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Prez, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí tó sì kúrò nídìí ẹ̀ lẹ́yìn tó fi àṣìṣe yìnbọn pa ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀, wá di tíṣà ìṣirò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan fi ohun mímú ya ojú ọmọbìnrin mìíràn nínú kíláàsì. Ariwo ta. Ẹni tó dá ọgbẹ́ náà lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dukie, aláìní jù lọ nínú wọn, tí aṣọ rẹ̀ máa ń rùn tí àwọn ọmọ yòókù sì ń fi ṣẹ̀sín. Ó ní fáànù kékeré kan, irú èyí tí à ń fọwọ́ mú, tó ṣà níbi tí wọ́n jù ú sí. Ó lọ lóṣòó síwájú ọmọbìnrin yẹn, ó sì ń fi fáànù náà fẹ́ ẹ lójú. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, wọn kò sì padà wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí Dukie yóò máa dun ẹni tó ń wò ó.

Ẹ wo ohun mìíràn. Ilé ìwé náà gba ọkùnrin kan síṣẹ́, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó máa kó àwọn ọmọ tó ń sá fún ilé ìwé wá. Ó ṣe é tọkàntọkàn, títí tó fi mọ̀ pé ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n nílò ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí owó ìjọba lè wọlé. Ọmọ tó bá ti fara hàn lọ́jọ́ méjì yẹn, kò sí ẹni tó tún fẹ́ kí ó lọ wá a. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí níhìn-ín, ẹ kò nílò kí n túmọ̀ èyí fún yín.

Prez wá rí i pé àwọn ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́ ìṣirò mọ bí wọ́n ṣe ń ta ayò dáìsì. Ó gbé dáìsì wá sí kíláàsì, ó fi kọ́ wọn ní ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó bọ́. Wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìjọba ń bọ̀, wọ́n sì pàṣẹ fún un pé kí ó pa èyí tì, kí ó máa kọ́ wọn ní ìdáhùn ìdánwò. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni sáà náà tẹ̀lé. Ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnìkan rí fà yọ. N kò ní sọ ẹni tó jẹ́.

Kí n kìlọ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú The Wire, ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìhòòhò wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọdé sídìí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Baltimore tún le, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa hàn nísàlẹ̀ àwòrán bí ẹ ti ń wò ó. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń fa ẹsẹ̀. Ẹ fara dà á.

Méjì ló kù. Chernobyl tó jáde lọ́dún 2019 kò ju apá márùn-ún lọ. Ó sọ nípa ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó bú gbàù ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1986. Ẹ óò rí àwọn tó gun òrùlé láti fi ṣọ́bìrì kó àfọ́kù nǹkan olóró kúrò níbẹ̀: àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó sáré jáde, kó dà á nù, kó sáré padà. Kámẹ́rà bá ọ̀kan nínú wọn lọ, ẹ óò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ṣe gùn tó. Inú eré yẹn kan náà ni àwọn ọ̀gá ti rọ̀ mọ́ nọ́ńbà 3.6 tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán olóró ń fi hàn, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni agbára ẹ̀rọ náà mọ.

Èkejì ni Dekalog, iṣẹ́ Krzysztof Kieślowski ti ilẹ̀ Poland. Òpin àwọn ọdún 1980 ló ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n, òun àti Krzysztof Piesiewicz, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò, ló jọ kọ ọ́. Apá mẹ́wàá ni, nítorí Òfin Mẹ́wàá, kò sì sí ìwàásù kankan nínú rẹ̀. Ilé alájà púpọ̀ kan ní Warsaw ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń gbé, ẹni tí a wo ìtàn rẹ̀ lónìí lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíràn kọjá lọ́la. Nínú apá kìíní, bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ń gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ lọ ṣeré lórí adágún tó ti dì nítorí òtútù. Wọ́n jọ fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí omi dídì náà ṣe nípọn tó, kọ̀ǹpútà ní yóò gbé e. Bàbá kò fi mọ bẹ́ẹ̀, ó jáde lóru, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti tábìlì, ó ń kọ̀wé, ìgò tàdáwà bá sán, tàdáwà sì ń ràn lórí ìwé. Ó dìde lọ fọwọ́. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ panápaná lóde. Òun náà gbọ́ ọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún eré yẹn nítorí pé kò dá bàbá náà lẹ́bi. Gbogbo ohun tí bàbá rere lè ṣe ló ṣe. Apá karùn-ún tún ń dúró dè yín, níbi tí agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí ti gbèjà apànìyàn, tí ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ lè ṣe fún ọkàn ènìyàn, kó wo apá yìí.

Nípa bí a ṣe ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Apá kan lálẹ́ kan tó. Áàpù orí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n máa ń fẹ́ gbé apá tó kàn bọ́ síta kí ẹ tó mí; ibí yìí ni kí ẹ ti pa á. Kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ wò nígbà tí ẹ bá ń jẹun lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń jiyàn lórí ìwà ènìyàn.

Ẹni tí kò bá ní ju wákàtí kan lọ lọ́sẹ̀ yìí, kó wá apá kìíní Dekalog. Ẹni tó ní àwọn àgbà nílé, kó wá Oshin fún wọn, kó sì jókòó tì wọ́n. Olùkọ́ tó wà níjókòó yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ The Wire láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fo kankan títí ẹ óò fi dé sáà kẹrin. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rí, tàbí tí bàbá yín ṣe é: bí téèpù eré àtijọ́ kankan bá wà nínú àpótí yín nílé, ẹ má jù ú nù. Ẹ tètè wá ẹni tó lè dà á sórí kọ̀ǹpútà, torí ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́ lọ báyìí.